Gègé Tí Latif Ṣẹ́: Ìgbésí Ayé Olóògbé Fazal Masih Gill (1938–2011)

Abúlé kan lẹ́bàá Sialkot, ní ilẹ̀ tó di Pakistan lónìí, ni a bí Bàbá wa sí lọ́dún 1938, fún Buta Masih àti Rakhi. Ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni Bàbá ti kọ́ ìwé kíkọ lórí wàláà. Ẹ̀rọ ìfúnrèké fọ́ ìka ìlábẹ̀ wọn léwe. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gé gègé ìféfe tí wọ́n fi ń kọ̀wé kí apá kan ẹnu rẹ̀ gùn ju èkejì lọ, kó lè bá ìka náà mu.

Ní 1961, Bàbá fẹ́ Zubaida ní Lahore, Bàbá sì wọ iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn ńlá kan gẹ́gẹ́ bí kàtíbù, àwọn tí ń fọwọ́ kọ gbogbo ìròyìn kí ẹ̀rọ tó tẹ̀ ẹ́. Bí ìròyìn bá dé, olórí kàtíbù á ya á sí wẹ́wẹ́, á pín in, á sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ padà. Ìwé gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jọra bíi ti ẹnì kan. Gègé Bàbá nìkan ló ń tú àṣírí: ẹni tó mọ iṣẹ́ á dá ọwọ́ wọn mọ̀.

Ní 1978, lábẹ́ ìjọba ológun, sójà kan ló ń ka ojú ìwé kó tó jáde. Ohun tó bá fagi lé, kò gbọdọ̀ di àyè funfun. Kàtíbù ní láti fi nǹkan mìíràn dí i. Lọ́jọ́ kan, ó fagi lé orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n kó lọ sí àtìmọ́lé. Wọ́n ní kí Bàbá fi ọ̀rọ̀ ìtọ́jú màngòrò dí i. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ náà ń jókòó sẹ́yìn Bàbá ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ wà. Bàbá tún àwọn orúkọ náà kọ síbẹ̀, wọ́n sì jáde nínú ìwé ìròyìn.

Lọ́jọ́ kejì sójà náà gun alùpùpù dé, ìwé ìròyìn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. “Kí oníkálukú mú gègé rẹ̀, kó kọ orúkọ wọ̀nyí níwájú mi!”

Bàbá na ọwọ́ sí gègé wọn. Tàdáwà dà sí itan wọn. Latif, àbúrò wọn lẹ́nu iṣẹ́, já gègé náà gbà, ó fi tirẹ̀ rọ́pò. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò mọ gègé gé rí. Ẹ gba tèmi, ẹ má dójú tì wá.” Ìka ń dun Bàbá bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ìwé wọn jọ ti àwọn yòókù. Nígbà tó kan Latif, ó tẹ gègé Bàbá mọ́lẹ̀ títí ẹnu rẹ̀ fi ṣẹ́.

“Ọ̀gá, ẹ ò rí i? Ẹ̀rù yín ti pa gègé mi!”

Sójà náà fọ́ ọ létí. Latif fi gègé mìíràn kọ ọ́; sójà kò rí ẹni mú, ó sì lọ.

Ẹ̀rù kò lọ. Títí ọjọ́ ogbó, bí alùpùpù bá dún lẹ́nu ọ̀nà, Bàbá á fi oúnjẹ sílẹ̀, á dìde. Wọn kò gé gègé fúnra wọn mọ́. Latif ló ń gé e fún wọn, títí kọ̀ǹpútà fi gba iṣẹ́ náà. Bàbá ló ń kọ nọ́ńbà orin sára pátákó ìjọ wa, láìgba kọ́bọ̀.

Wọ́n fi Ìyá wa Zubaida sáyé lọ, àti àwa ọmọ wọn, Sabir, Naomi àti Yunus, pẹ̀lú àwọn ọmọ-ọmọ. Orúkọ tí ẹ ń wò lára pósí, Latif ló kọ ọ́. Ó gé gègé rẹ̀ bí Bàbá ṣe ń gé e nígbà náà, kí gbogbo ẹni tó mọ ọwọ́ wọn lè dá a mọ̀.

Bàbá, ẹ sinmi o. Bí alùpùpù bá dún, ẹ má dìde mọ́.