Àwòrán Tó Kọjú Sí Pákó

Ilé Màmá Suhaib,
Ẹ̀yìn Ọjà Nima,
Accra, Ghana.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Mùbárákù, ọ̀rẹ́ tí mo fi ń yangàn,

Ṣé ara le? Àbúrò bàbá rẹ tí wọ́n gbà ọ́ sílé ní Ìlọrin ńkọ́, ìyàwó wọn ńkọ́? Ikọ́ tó ń bá ọ fà á nígbà tí o ń lọ, ṣé ó ti yọnda rẹ? Mo gbọ́ pé ilé kéwú yín gba fóònù lọ́wọ́ gbogbo yín, ìyẹn ni mo ṣe ń fi bírò kọ̀wé bí ará àtijọ́. Àlàáfíà la wà níbí. Màmá mi ń kí ọ. Ẹni tó ń ta kelewele, dòdò aláta yẹn, níwájú ilé wa ní láti ìgbà tí o ti kúrò ní Accra ni ọjà òun ti dẹnu kọlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ni ti ṣọ́ọ̀bù onípákó bàbá mi àgbà ní Ashaiman. O mọ ibẹ̀: wọ́n ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe níwájú, àwọn àti ìyá mi àgbà ń sùn, wọ́n sì ń kírun lẹ́yìn. Ìjọba fẹ́ fẹ títì àdúgbò náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n fi ọ̀dà pupa sàmì sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní tó bá di ọjọ́ Àìkú, katakata á wó o. Bàbá àti Ìyá á wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ bá wọn palẹ̀ ẹrù mọ́, ẹrù tó tó ti odindi ìlú kan.

Ìwé ìròyìn ni wọ́n fi bo ògiri inú ibẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó, mi ò kà á rí. Lọ́jọ́ yẹn ni mo kà á, tí mo rí i pé ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ni, ti eré mọ́tò. Kì í ṣe eré tí wọ́n ń yí po o. Mọ́tò méjì á dúró ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lójú ọ̀nà tó gún régé, wọ́n á ṣí i, kí o tó wí Bisimilláàhi tán, ọ̀kan ti borí. Bàbá ní nígbà tí àwọn ń ṣe fìtà ní èbúté Tema, ẹnjiníà ọkọ̀ ojú omi kan ló máa ń kó o wá fún àwọn, torí ó rí i pé àwọn fẹ́ràn ẹ́ńjìnnì ju oúnjẹ lọ.

Mo ya gbogbo ògiri náà ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ eré yẹn ti ń kó ìwé ìròyìn náà jọ, ojú ewé kan tẹ̀ lé èkejì, kí ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Mo sọ fún wọn pé inú ààfin ni mo ti rí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ìdajì Amẹ́ríkà ti fèsì. Olórí wọn, bàbá arúgbó kan, ní àwọn ti wá àwọn ẹ̀dà wọ̀nyí títí, ó sú àwọn. Ó wá béèrè pé kí ló dé tó jẹ́ ìpolówó táyà àti èsì eré nìkan ni mo fi ránṣẹ́, àwòrán dà?

Mo yí ṣọ́ọ̀bù ká. Lóòótọ́, kò sí ojú èèyàn kan ṣoṣo lára ògiri. Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ìyá ti lọ sọ́jà. Wọ́n ní ọdún tí wọ́n bí màmá mi ni. Àwọn lọ sin bàbá àwọn ní Ìlọrin, ọyẹ́ sì ń gba àárín pákó wọlé. Ìyá, tí oyún wọn ti wúwo, fa páálí ìwé ìròyìn yọ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fi kókó, ẹ̀kọ mímu tó ṣẹ́kù láàárọ̀, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ṣùgbọ́n ibi ìkírun ni, wọ́n sì ní máláíkà kì í wọ ibi tí àwòrán bá wà. Wọ́n wá kọ ojú gbogbo òyìnbó náà sí pákó. Èyí tó ní ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, wọ́n fi dáná.

Bàbá dé, wọ́n rí i, wọ́n ní kí Ìyá gbé oúnjẹ wá. Láti ọjọ́ náà, wọn ò sọ ọ́ rí. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Wọ́n ní àwòrán kan wà níbẹ̀, ti mọ́tò méjì tí táyà iwájú wọn gbé kúrò nílẹ̀, tí àwọn máa ń wò lójoojúmọ́ nígbà náà. Ojú àwọn ti ń ṣú báyìí. Wọ́n fẹ́ rí i lẹ́ẹ̀kan sí i kí katakata tó dé.

Ni mo bá fa ewé kan bí ẹni ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó ya sí méjì. Ibẹ̀ ni Ìyá wọlé bá wa.

Wọ́n ní, "Kí lẹ̀ ń wá lára ògiri mi?"

Bàbá ní, "Àwòrán ni, Àgbékẹ́. Tèmi ni wọ́n kí o tó lẹ̀ wọ́n."

Ìyá wo ògiri, wọ́n wo Bàbá. "Ẹ mọ̀ pé mo ba nǹkan yín jẹ́, ẹ wá ń jẹ oúnjẹ mi láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ò wí nǹkan kan? Ẹ sọ mí di òmùgọ̀ nínú ilé ara mi, Bàbá Ràfíátù."

"Òtútù ń mú ọ nígbà náà. Ṣé kí n wá bó o kúrò lórí ìwọ àti oyún ni?"

Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, ilẹ̀ ni mo ń wò. Ìyá gbé ìkòkò omi kaná. Mo rò pé oúnjẹ ni, àṣé omi tó máa mú kókó rọ̀ ni. Wọ́n ní àwọn ló lẹ̀ ẹ́, àwọn ló máa ṣí i, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ tẹ́ ojú ẹnikẹ́ni sórí ẹní ìkírun àwọn.

Wọ́n ń fi táwẹ́ẹ̀lì gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ewé ń ṣí. Sherifa tó ń ta fóònù ní Circle, ọmọ Àǹtí Ràfíátù, ẹ̀gbọ́n màmá mi, gbé fóònù kan wá tí kámẹ́rà rẹ̀ lè ya ohun tí eèrà ń rò. À ń sá àwọn ewé náà sórí aṣọ, ó ń yà wọ́n. Mùbárákù, àwọn ojú yẹn mọ́ kedere. Oòrùn ò rí wọn, èéfín ò rí wọn. Aáyán nìkan ló jẹ etí wọn, aáyán ibẹ̀ yẹn sì tó ọmọ ológbò.

Àwòrán tí Bàbá ń wá ò sí nínú wọn. Ọ̀sán Sátidé, ó ku ewé kan ṣoṣo, èyí tó wà lápá ibi tí wọ́n ń kọjú sí kírun. Ibẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ nípọn jù. Bí omi ṣe kàn án, ó di ẹ̀kọ padà, ó ń já bọ́ ní wẹ́wẹ́. Ìyá jókòó sórí àpótí. Wọ́n ní àwọn ti bà á jẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bàbá kàn ń ṣa wẹ́wẹ́ rẹ̀ nílẹ̀.

Sherifa ló ní ká wo pákó. Yíǹkì àwòrán náà ti gbà sára igi: mọ́tò méjèèjì, èéfín táyà, àwọn awakọ̀, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀, àfi pé ọ̀tún di òsì, a sì ní láti ka nọ́ńbà ara mọ́tò láti ẹ̀yìn wá síwájú. Ó yà á, ó yí i padà nínú fóònù, ó gbé e fún Bàbá. Bàbá wò ó títí fóònù fi ṣókùnkùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n mú irin ìfàṣó, wọ́n yọ odindi pákó náà kúrò lára ògiri.

Gbogbo rẹ̀ ti wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Olórí wọn béèrè irú gọ́ọ̀mù tí a lò tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo ní kókó ni. Ó ní ilé iṣẹ́ wo ló ń ṣe é.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, a wọ trotro, bọ́ọ̀sì èrò. Méètì tó ń gbowó ọkọ̀ ní kí bàbá Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbí, gbé pákó sórí ọkọ̀, Bàbá ní itan àwọn ló máa gbé e. Obìnrin kan béèrè irú mọ́tò tó wà lára rẹ̀, ìyẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Bàbá tí kì í sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ láti Ramadan sí Ramadan, láti Ashaiman dé Circle ni wọ́n ń ṣàlàyé ẹ́ńjìnnì fún gbogbo ọkọ̀, ní Twi, ní Hausa, ní Gá. Ìyá jókòó lẹ́yìn wọn, wọ́n kọjú sí fèrèsé. Nígbà tí a kù díẹ̀ ká dé, wọ́n na ọwọ́ tẹ èjìká Bàbá.

Wọ́n ní, "Nínú àwọn méjèèjì, ta ló wá gbawájú?"

Bàbá yí pákó náà padà kí Ìyá lè rí i dáadáa, wọ́n sì tún un bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bá mi kí gbogbo ará ilé, àti àwọn ọmọ kéwú ẹgbẹ́ rẹ tí wọ́n ń jẹ ẹran tìrẹ mọ́ tiwọn. Sherifa ní kí n kí ọ, àmọ́ má rò ó sí nǹkan kan.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kì í parọ́ ju bó ṣe yẹ lọ,
Suhaib.