Èmi Ni Mò Ń Tan Update Tí Ọkọ Mi Ń Pa

Ẹ̀yin ará orí page yìí, kò sí nǹkan tó ń ṣe kọ̀ǹpútà ilé wa. Èmi ni mò ń ṣe é. Ẹ bá mi fi orúkọ mi pamọ́, torí àwọn ará Hanwa, àdúgbò wa ní Zaria, wà níbí, ọkọ mi sì ti ròyìn kọ̀ǹpútà yìí fún gbogbo wọn tán... Tí ẹ bá ti gbọ́ nípa dókítà kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti ajílẹ̀ ní yunifásítì, tí update ò jẹ́ kó gbádùn nínú ilé ara rẹ̀, ọkọ mi nìyẹn. Èmi ìyàwó rẹ̀ ni mò ń kọ̀wé sí yín, ọ̀rọ̀ náà sì ti kúrò ní àwàdà, torí ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi báyìí.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan ní Ìlọrin, Àǹtí la máa ń pè é. Àǹtí ló tọ́ ọkọ mi dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú, mo mọ̀, wọ́n ti sọ ọ́ fún mi, wọ́n á sì tún sọ ọ́ lọ́la. Gbogbo ọjọ́ Sunday, lẹ́yìn ìrun Alásárì, Àǹtí á ṣe ìpàdé ẹbí lórí video. Kì í ṣe orí fóònù o, Àǹtí ò fẹ́ fóònù, ó ní fóònù ò gbà wá, òun fẹ́ rí bí a ṣe ń kúnlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, a máa ń kúnlẹ̀... níwájú kọ̀ǹpútà... èmi tí mò ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní Home Economics, màá kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, màá máa kí dígí. Ọkọ mi á dọ̀bálẹ̀ títí kò fi ní hàn nínú àwòrán mọ́, Àǹtí á wá máa ṣàdúà fún àga.

Tí ìkíni bá tán, ó kan oyún. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, obìnrin ni, ó ti wọ girama. Ní gbogbo Sunday, lójú àwọn àbúrò ọkọ mi àti ìyàwó wọn, Àǹtí á bi mí pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí inú mi, á bi mí wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń béèrè bóyá òjò ti rọ̀ ní Zaria. Lẹ́yìn náà á kọjú sí ọmọ mi. Àṣàkẹ́ ló máa ń pè é, oríkì tí òun fúnra rẹ̀ fún un. Ọmọ á ní na'am, torí bí àwọn ọmọ ṣe ń dáhùn níbí nìyẹn, Àǹtí á sì bú sẹ́rìn-ín, á ní Gàm̀bàrí ni ọmọ yìí, á ní kí la tún ń retí lọ́dọ̀ ọmọ tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ sí Sabon Gari ní Zaria. Èmi ni ìyá náà! Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá ta aṣọ níbí, Yorùbá la sì ń sọ nínú ilé wa. Àdúgbò Gàm̀bàrí gan-an wà ní Ìlọrin tí Àǹtí jókòó sí tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣé ẹ rí i bí?

Ẹ ó ní kí ló dé tí mi ò dìde. Ìyàwó wo ló ń gé ọ̀rọ̀ mọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ lẹ́nu? Títí Àǹtí fi máa ṣàdúà ìparí, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ kúrò. Tó bá sì ṣe é tán, tí a ti ní àmín, tí a ti fọwọ́ pa ojú, á ní òun gbàgbé nǹkan kan... ó di ọ̀tun. Ọbẹ̀ mi ti jóná lórí nǹkan tí Àǹtí gbàgbé, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Àfi Sunday kan, Àǹtí ti dé orí oyún, bí ojú kọ̀ǹpútà ṣe yí padà lójijì nìyẹn, ó di búlúù, nǹkan róbótó kan ń yí, ó ní update ni, ó ní ká má pa á. Ọkọ mi pariwo haba! Èmi náà ní haba, ṣùgbọ́n inú mi dùn débi pé mi ò lè gbójú sókè. Nígbà tó máa fi parí, Àǹtí ti lọ. Ó ní ó di Sunday mìíràn. Mo dín dòdò nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mò ń kọrin.

Ọkọ mi wá gbé e ru ara rẹ̀ pé òun máa dá update dúró. Ó ka ìwé, ó wo fídíò, nígbà tó máa ṣe é, ó pè mí kí n wá dúró lẹ́yìn òun kí n wá wo ọgbọ́n. Ó ní ibí ni wọ́n ti ń tẹ pause. Ó ní ibí ni wọ́n ti ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé network wa jẹ́ metered, pé bí a bá ṣe lò ó là ń sanwó rẹ̀, kó má máa fa nǹkan wálẹ̀. Ó wọ inú Services, ó wá ibi tí wọ́n kọ update sí, ó pa á. Ó ń ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ nọ́sìrì, èmi gbé tíì dání, mò ń ní ẹ̀n-ẹ́n, ẹ̀n-ẹ́n... Bó ṣe lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ báyìí, mo jókòó, mo sì tan gbogbo rẹ̀ padà.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ eré nìyẹn. Ó pa á, mo tan án. Màá jẹ́ kí update wọlé láàárọ̀, màá fi restart sí àsìkò tí mo mọ̀ pé Àǹtí á ti dé orí inú mi. Tí kò bá sí update, màá tẹ restart lásán, ta ló mọ ìyàtọ̀? Ọkọ mi kọ́! Á dojú kọ dígí dúdú, á mi orí, á ní update yìí lágídí gan-an. PhD o, wallahi, PhD! Ó pe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà wá láti Samaru, ìyẹn náà mi orí, ó ní yóò jẹ́ virus. Ó fura sí iná, ó fura sí àwọn aládùúgbò pé wọ́n ń jí network wa. Kò fura sí mi rí, torí lójú tirẹ̀, kí lèmi mọ̀ ju mọ́ín-mọ́ín lọ? Ẹ ní kí n káàánú rẹ̀? Ẹni tó ń gbọ́ tí wọ́n ń fi inú ìyàwó rẹ̀ ṣe àgbéyẹ̀wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó ń ní bẹ́ẹ̀ ni mà, bẹ́ẹ̀ ni mà?

Ṣùgbọ́n Sunday kan báyìí... Kò sí update lọ́jọ́ náà. Àǹtí ti dé orí oyún, ó tiẹ̀ ní kí ìyàwó àbúrò ọkọ mi kan wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Bí wọ́n ṣe ń ṣe kí ni? Mo ṣe bí ẹni fẹ́ gbé ohùn sókè, mo na ọwọ́ sí mouse, mo tẹ restart. Kọ̀ǹpútà wa ti gbó, kì í tètè kú. Kó tó kú ni ọmọ mi sún síwájú, ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé bàbá rẹ̀. Ọmọ mi! Tí kì í kí ẹnikẹ́ni láìṣe ina wuni àwọn Hausa! Àṣé Àǹtí ti fi ohùn kà á ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ̀, gbogbo ìgbà tí mo rò pé cartoon ló ń wò, oríkì ló ń kọ́, kò sọ fún ẹnì kankan. Àǹtí kígbe, ó fọwọ́ bo ẹnu, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní Àṣàkẹ́ mi... ni gbogbo rẹ̀ bá di dúdú. Ọmọ náà ṣì ń ki oríkì lọ sí dígí dúdú kó tó mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbọ́. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ náà, mi ò fẹ́ rántí ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Àǹtí tí kò fẹ́ fóònù fi fóònù pe ọkọ mi. Kò bínú rárá, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kí òun àti ọmọ òun gbọ́ra wọn, nítorí náà tí wọ́n bá ti gba ìsinmi, kí wọ́n gbé Àṣàkẹ́ wá sí Ìlọrin, ọ̀dọ̀ òun ni yóò ti máa lọ sílé ìwé. Ọkọ mi ní ẹ ṣeun mà. Kò bi mí o! Ó gbé fóònù kalẹ̀ tán ló ń sọ fún mi pé òun ti sa gbogbo ipá òun lórí kọ̀ǹpútà yẹn.

Mo yáa pa gbogbo rẹ̀ fúnra mi. Pause, metered, Services, gbogbo ohun tó kọ́ mi pátá. Láti ìgbà náà kọ̀ǹpútà ò ṣe nǹkan kan mọ́, Àǹtí ń sọ̀rọ̀ títí di Mọ̀gàríbí, mo kúnlẹ̀, mò ń gbọ́ ti oyún, mi ò yí ọrùn. Ẹ mọ ohun tí ọkọ mi sọ? Ó ní ohun tí òun ṣe kẹ́yìn ló mú un! Ó ti kọ ọ́ sórí WhatsApp àwọn lecturer, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń pa update. Mo ní tí kọ̀ǹpútà bá ti dára, ṣé ọmọ lè dúró? Ó ní òun ti gbà fún àgbà, òun ò lè pa ohùn dà.

Tí mo bá sọ fún un pé kò sí ẹ̀rọ alágídí kankan, pé èmi ni mò ń pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ẹni tó tọ́ ọ dàgbà, ṣé yóò fi ọmọ sílẹ̀ fún mi? Àbí yóò ní ìdí nìyẹn tí ọmọ fi gbọ́dọ̀ lọ, kí èmi náà sì máa lọ sọ́dọ̀ ìyá mi ní Sabon Gari? Ẹ má sì sọ pé kí n lọ bẹ Àǹtí. Mi ò ní bẹ ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ sí comment, kó lọ fi ara rẹ̀ kúnlẹ̀ fún un wò.

Lánàá, mò ń bá ọmọ náà ká aṣọ sínú àpótí. Mo bi í bóyá ó wù ú láti lọ, mo kàn ń wá kó ní rárá. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn, kò fi Hausa kankan sí i. Ó ní òun rí ọwọ́ mi lórí mouse lọ́jọ́ yẹn. Ó ní òun ò sọ fún Bàbá, òun ò sì ní sọ. Ó ní òun kàn fẹ́ ki oríkì òun parí níbi tí ẹnì kankan ò ti ní pa á mọ́ òun lẹ́nu.

Mò ń ká aṣọ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará mi, kí ni kí n ṣe? Ìsinmi ti ń bọ̀. Nínú ọkọ mi àti ọmọ mi, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ fún?