Fàdákà Ni, Kì í Ṣe Owó

Ẹ kú ilé o, ìyá mi. Ẹ kú àtọjọ́, ẹ kú ìrójú. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ilẹ̀ Faransé níbí, èmi Òrìṣàgbèmí tí ẹ̀ ń pè ní Àjàní. Mo kí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó di bàbá wa láti ìgbà tí bàbá wa ti lọ. Mo kí Àbẹ̀kẹ́ àbúrò mi, tíṣà tó ń ti ìlú Ọlá wá ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì kó lè wá wò yín. Òun ni mo bẹ̀ kó ka èyí sí yín létí. Inú ìwé ìròyìn ni mo fi sí, nítorí gbangba ni wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa mi.

Àbẹ̀kẹ́ kọ̀wé pé ẹ ní kí n má wá sí ọdún Ògìyán. Mo kà á, mo tún un kà. Ó ní aṣọ funfun tí mo fi ránṣẹ́ sí yín ṣì wà nínú páálí, ẹ ò fọwọ́ kàn án. Ó ní ikọ́ ń yọ yín lẹ́nu, àwọn kan sì ti sọ fún yín pé ìyá ẹni ni irú oògùn owó tí mò ń ṣe máa ń kọ́kọ́ pa. Ìyá mi, n kò lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ ló fà á. Ẹ rí i pé mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àpótí kan, mo wọ ìbọ̀wọ́ dúdú tó dé ìgúnpá. Mo fẹ́ ṣe fáàrí, ni mo bá fi èdè Faransé kọ orúkọ ohun tó wà nínú àpótí sẹ́yìn fọ́tò: fluorure d'argent. Ẹ gbé e fún Bọ̀dá Bùràímọ̀ tó ti Àbíjàn dé. Bọ̀dá gbọ́ Faransé ọjà dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó rí argent, inú rẹ̀ dùn pé òun mọ̀ ọ́n: owó ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń pe owó ní Àbíjàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni àwọn Faransé fi ń pe fàdákà. Aṣọ ni Bọ̀dá ń tà níbẹ̀, kò ta fàdákà rí. Bó ṣe sọ fún gbogbo agbo ilé nìyẹn pé Àjàní ń po owó nínú àpótí. Ọdún tí wọ́n pààrọ̀ pọ́n-ùn sí náírà sì nìyí, etí gbogbo ènìyàn ti là sí ọ̀rọ̀ owó. Àbẹ̀kẹ́ ní ẹnì kan tilẹ̀ sọ pé bóyá èmi náà ń tẹ owó tèmi níhìn-ín.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó wà nínú àpótí lẹ́nu èmi fúnra mi. Fàdákà ni, bí irú èyí tí wọ́n fi ń rọ ẹ̀gbà ọwọ́. Afẹ́fẹ́ olóró kan wà tí wọ́n ń pè ní fúlúórínì. A máa ń jẹ́ kó fẹ́ sí fàdákà náà lórí ooru, fàdákà á sì di ìyẹ̀fun tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tábà gbígbẹ. Bí omi bá kàn án, ó bàjẹ́. Èémí ẹnu lásán tó láti bà á jẹ́. Ó máa ń jẹ ìgò, nítorí náà a kì í rọ ọ́ sínú ìgò. Ẹni tó bá tọ́ ọ wò kò ní rí ìrọ̀lẹ́. Ìdí nìyẹn tí àpótí fi dí pinpin, tí mo fi ń ti inú ìbọ̀wọ́ fọwọ́ kàn án.

A ní ìtànṣán kan tí ojú kì í rí, òun la fi ń mọ bí inú rẹ̀ ṣe tò. Ìpele lé ìpele ni. Fúlúórínì mẹ́rin súnmọ́ fàdákà kọ̀ọ̀kan pẹ́kípẹ́kí, méjì yòókù sì jìnnà díẹ̀, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ìpele kọ̀ọ̀kan kò tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ń lọ sókè sódò bíi páànù orí ilé. Iṣẹ́ tèmi ni láti wo bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú fàdákà lásán, iná máa ń sáré kọjá ni. Èyí yàtọ̀: bó bá tutù, ó máa ń dínà mọ́ iná, bó bá gbóná, á yà fún un díẹ̀. Kò ṣe bí irin, kò ṣe bí igi, ohun tó sì mú kó rí bẹ́ẹ̀ ni mò ń wá.

Mo ka ohun tí mo kọ sókè yìí padà, àyà mi sì já. Ohun dúdú kan wà nínú àpótí, a kì í ṣí i, a kì í mí sí i, ó ń pa ènìyàn. Ká ní èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún nílé, èmi náà á sá. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe ń sọ òótọ́ náà tó ni ọ̀rọ̀ mi ń burú sí i. Ó ń bí mi nínú, ìyá mi, ó sì ń dùn mí.

Òtútù ò tíì kúrò níhìn-ín, yìnyín ṣì wà lórí òkè. Mùsíọ̀, ìyẹn ọ̀gbẹ́ni, ni wọ́n ń pè mí, kò sẹ́ni tó ń pè mí ní Àjàní. Ọ̀gá mi, àgbàlagbà kan tí kì í rẹ́rìn-ín, bi mí ìdí tí mo fi jókòó kalẹ̀ láìṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo ka ìwé Àbẹ̀kẹ́. Mo ní ìyá mi ń bẹ̀rù mi. Ó ní òun lè bá mi kọ̀wé sí yín. Mo ní kó jọ̀ọ́, Faransé ló dá wàhálà sílẹ̀, kó má fi Faransé kún un.

Àbẹ̀kẹ́ ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ọkàn yín lè balẹ̀. N kò ní fi í sílẹ̀. Bí mo bá fi í sílẹ̀, wọn á ní àṣírí mi ló tú. Ẹ sì rò ó wò: bí mo bá mọ owó í pò, ṣé ẹ̀wù òtútù kan ṣoṣo ni mo máa wọ̀ láti ọdún tí mo ti dé?

Ẹ jẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ mú yín lọ sí ọsibítù nítorí ikọ́ yẹn. Mo ń bọ̀ wá ṣọdún. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, màá jókòó síta. Bí ẹ bá ní kí n padà, màá padà. Ṣùgbọ́n ẹ ṣílẹ̀kùn, ẹ wò mí lójú, kí ẹ tó sọ fún mi pé ọmọ tí ẹ pọ̀n sẹ́yìn ti di ẹni tí ẹ̀ ń sá fún.

Ògìyán á fún yín ní àlàáfíà. Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ò ní fi ojú sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí Bàbá Àgbà àti gbogbo agbo ilé. Ẹ kí Bọ̀dá Bùràímọ̀ náà, n kò bínú sí i. Àwọn mìíràn lè ní ẹlòmíràn láti sá tọ̀. Ní tèmi, ìyá kan ṣoṣo ni mo ní.

Èmi ni, Àjàní,
ọmọ yín.