Ará Èkìtì tí Ẹ Ní Kí N Má Fẹ́

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo mọ̀ pé ọdún méjì ti kọjá ọjọ́ mẹ́ta, àmọ́ ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wa pé a kì í bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ kí i.

Ara mi le. Mo ṣì wà ní Corduff, ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Swords ni mo ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì méjì lọ, bọ́ọ̀sì méjì bọ̀. Ilé ni wọ́n ń kọ́ kiri Dublin báyìí. Pápá tí mo máa ń gbà kọjá lọ́dún tó kọjá ti di ilé alájà mẹ́rin.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi jókòó nìyí: ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n fẹ́ Dáre. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú.

Ẹ rántí ọjọ́ tí mo pè yín pé mo ti rí ọkọ, pé ọmọ Èkìtì ni, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí ní èbúté. Ẹ kò tiẹ̀ béèrè orúkọ rẹ̀. Ẹ ní ọmọ ilé wa kì í fẹ́ ará Èkìtì, ọ̀rọ̀ bùṣe. Mo ní ta ló tún ń bá Èkìtì ṣọ̀tá láyé yìí? Mo pa fóònù mọ́ yín létí. Oṣù tó tẹ̀lé e lẹ filẹ̀ bora, n kò sì ráyè tọrọ àforíjì. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Mo rò pé ìtàn ogun ló ti wọ̀ yín lórí. Ṣé ẹni kan wà tí kò mọ bí ẹ ṣe fẹ́ràn Bàbá Ológun, bàbá bàbá yín, tó? Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, tí ẹ bá jẹun tán, agbòòrùn yín á di ìbọn. Ẹ ó gbé e lé èjìká, ẹ ó di ojú kan, ẹ ó máa sọ bó ṣe jẹ́ pé kò tíì hu irùngbọ̀n nígbà tó kúrò n'Ìbàdàn lọ sógun Kírìjì, bí wọ́n ṣe pẹ́ ní bùdó títí wọ́n fi kọ́lé, tí wọ́n dáko, tí àwọn kan bímọ síbẹ̀. Ẹ ó wá máa tiro yí pálọ̀ ká bíi tirẹ̀, nítorí ọta ìbọn bà á lẹ́sẹ̀. Ẹ ní títí tó fi kú, kì í jókòó kó kọ ẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ lẹ sọ, Bàbá, ẹyọ kan lẹ fò.

Dáre dúró dè mí. Á wá ní Sátidé, á bá mi tún ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù tó yẹ̀ ṣe nílé ìdáná, èyí tí wọ́n ń pè ní press níbí, á ní, "Madam, press yín ti grand báyìí, food dà?" Á jẹun, á lọ. Lóṣù tó kọjá mo pe ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Mọ́níyà, mo sọ fún wọn pé ó ti sú mi, màá fẹ́ ẹ láìgbàṣẹ.

Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ rín. "Àṣé bàbá ẹ ò sọ fún ẹ. Ojú ló ń tì í. A ò bá Èkìtì jà, ọmọ mi. À ń sá kí á má fẹ́ ara wa ni."

Wọ́n wá sọ fún mi pé Bàbá Ológun mú obìnrin kan lẹ́rú lójú ogun, ó sì sọ ọ́ di aya. Obìnrin náà ló bí bàbá tó bí yín. Ìyá Èkìtì ni gbogbo ilé ń pè é. Kò sọ orúkọ rẹ̀ gan-an fún ẹnikẹ́ni, kò sọ orúkọ ìlú rẹ̀, títí ó fi kú. Nígbà tí Bàbá Ológun darúgbó, ẹ̀rù bà á pé àwọn ọmọ òun lè lọ fẹ́ ìbátan ìyá wọn láìmọ̀. Kò mọ ìlú tó máa yọ sọ́tọ̀, ló bá ka gbogbo Èkìtì léèwọ̀. Ìwà ológun náà nìyẹn: kò mọ igbó tí ẹran wà, ó yìnbọn sí gbogbo ẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi, Bàbá? Ṣé ẹ rò pé ẹ ó kéré lójú mi ni?

Mo sunkún. Lẹ́yìn náà lẹ̀rù wá bà mí: bí Dáre bá jẹ́ ìbátan mi lóòótọ́ ńkọ́? Ìyá Mọ́níyà ní kí n béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ń jẹ ìgbín nílé wọn. Èmi ti rò pé nítorí oògùn ogun ni a kì í fi í jẹ ẹ́ nílé wa. Wọ́n ní rárá, Ìyá Èkìtì ló gbé èèwọ̀ náà wá láti ilé bàbá rẹ̀, tó fi kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Mo bi Dáre léèrè. "Ìgbín kẹ̀? Èyí tí mum mi ń sè? Ẹ máa gé ìka jẹ." Mo ní kó pe ìyá rẹ̀, kó wádìí tọ̀túntòsì. Gbogbo wọn pátá, láti àwọn bàbá ńlá wọn, ló ń jẹ ìgbín. Inú mi kò dùn báyẹn rí nítorí oúnjẹ tí n kò lè fẹnu kàn.

Àwọn ẹbí ti wúre fún wa. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ẹ forí jì mí nítorí fóònù yẹn. Èmi náà ti forí jì yín.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe nǹkan kan. Mo mọ̀ pé Bàbá Ológun ló máa gba gbogbo ọ̀rọ̀ sọ lọ́hùn-ún. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹ lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá bàbá yín, kí ẹ bi í léèrè orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń pè é kí ogun tó dé. Ẹ wá sọ ọ́ fún mi lójú àlá. Bí mo bá bí obìnrin, òun ni màá sọ ọ́.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ rí, kódà lọ́jọ́ tó pa fóònù.