Bí Iṣẹ́ Theodora Ṣe Dé Ara Pátákó Ilé Kéú

                                        Agboolé Àgbébí,
                                        Ìsàlẹ̀ Èkó,
                                        Èkó.
                                        Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Mọ̀núrù, ọ̀rẹ́ mi tòótọ́,

Irọ́ ni wọ́n pa fún ọ. N kò lu òyìnbó kankan, ọlọ́pàá kò sì tì mí mọ́lé. Bá mi sọ fún ìyá mi kí wọ́n má sunkún mọ́. Gbogbo ohun tí mo ṣe kò ju pé mo jókòó sílẹ̀, mo sì kọ̀, n kò dìde.

Ẹ kú ilé o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Bàbá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ Hussainat ńkọ́? Ara èmi náà le lọ́dọ̀ Àǹtí Memunat, àbúrò bàbá mi, àmọ́ ohun tí ojú mi rí ṣì ń rí mi lára títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Yunifásítì wa ló gba àlejò àpérò ńlá àwọn onímọ̀ ìṣirò àgbáyé. Àwọn èèyàn wá láti Bràsíìlì, Íńdíà, Kẹ́ńyà àti ibi tí n kò gbọ́ rí. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ la ń gbé omi fún wọn. Ní ọjọ́ tó kẹ́yìn, wọ́n kó gbogbo wa wá sí gbọ̀ngàn kan nítòsí Igbosere, torí pé àwọn olóṣèlú fẹ́ yọjú. Ọjọ́ yẹn ló kan Theodora láti sọ̀rọ̀. Òun ni ọmọ kíláàsì mi tó ń fún mi ní ìwé rẹ̀ kà nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti abúlé dé, tí àwọn yòókù ń fi Gẹ̀ẹ́sì mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti pẹ́ tó ti ń fi ìṣirò wá ọ̀nà tí omi òjò ń gbà ya wọ ilé àwọn èèyàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan, màmá àgbà láti Íńdíà, ń wá ẹni tí yóò wá bá wọn ṣiṣẹ́, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu Theodora fúnra rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni bàálù wọn.

Mọ̀núrù, oyè ni wọ́n fi gbogbo àárọ̀ kà! Wọ́n á pe ọ̀kan, wọ́n á ka oyè rẹ̀, wọ́n á ní ká pàtẹ́wọ́. Bí ẹlòmíràn bá tún pẹ́ dé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Theodora ti gun orí pèpéle nígbà tí olóṣèlú kan tún wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Philip tó ń darí ètò já máìkì gbà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni gba ṣíbí lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní, "Ọmọ mi, lọ jókòó. Gbogbo wa la mọ̀ pé o gbìyànjú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn wọ̀nyí ló sì ń pe ara wọn ní ọ̀mọ̀wé!

Mo lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú pèpéle. Mo ní, "Sà, àwọn àlejò yìí kò ti òkè òkun wá gbọ́ oyè. Ẹ fún un ní máìkì rẹ̀."

Olóṣèlú náà ní, "Ọmọ ta nìyí?"

Mo ní, "Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, sà. Bàbá mi kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ."

Ni àwọn ẹ̀ṣọ́ bá gbé mi jáde tọwọ́tẹsẹ̀, bí àpò ìrẹsì ọjà Òkè Àrin.

Theodora tẹ̀ lé mi, ó ń sunkún. Màmá Íńdíà náà tẹ̀ lé e, wọ́n ń wo aago. Mo ní ká kúkú lọ sílé wa kí Theodora lè rí ibi ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀, a sì fẹsẹ̀ rìn ín. Ilé kéú Álífà Mùs'áb wà nínú agboolé wa, àmọ́ ẹsẹ̀ Kùránì kún ojú pátákó rẹ̀. Àǹtí mi ti mú aṣọ láti fi nù ún, ni álífà bá kígbe pé, "Memunat, sùúrù!" Wọ́n rọra fi omi fọ̀ ọ́ sínú abọ́, wọ́n gbé omi náà síbi tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ti ní tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó na ṣọ́ọ̀kì sí Theodora. "Ó yá, ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ́wọ́ ẹ níbí." Ojú tì mí fún yunifásítì wa.

Gẹ̀ẹ́sì ni Theodora ń sọ, àmọ́ nígbà tó ya àwòrán àdúgbò wa, Ìyá Àlímọ̀t tó ń ta ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà pariwo: "Yéè! Yàrá mi rèé! Ibẹ̀ gan-an ni olè omi yẹn ń gbà wọlé!" Màmá Íńdíà bèèrè ọ̀rọ̀ títí bàálù fi fẹ́ já wọn sílẹ̀. Wọ́n ní kí Theodora bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti wá bá àwọn ṣiṣẹ́.

Ní báyìí, yunifásítì ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ olóṣèlú náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á lé mi. N kò ní tọrọ nǹkan kan. Wọ́n ní bí mo bá ní ẹlẹ́rìí, kí n mú wọn wá síwájú ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Láàárọ̀ yìí mo dúró ní àgbàlá, mo ń fi ìka ka àwọn tó ní àwọn á bá mi lọ: Theodora, álífà, Ìyá Àlímọ̀t, Yaqub tó jẹ́ akọ̀wé lọ́yà... Àǹtí mi gbá mi lọ́wọ́. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ? Wá jẹun jàre." Mo gbójú sókè, àwọn èèyàn ṣì ń jáde bọ̀ láti ojúlé dé ojúlé. Mo ṣíwọ́ kíkà.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì fi ọkàn ìyá mi balẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò tíì dìde,
Yẹ̀kínì.