Ìbọ̀wọ́ tí Màmá Fi Sítáàṣì Sí

Ọjọ́bọ̀, oṣù kọkànlá, 1994. Bódìjà.

Mo ti rẹ́rìn-ín sí i báyìí, ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, díẹ̀ ló kù kí n sunkún.

Láàárọ̀ ọ̀la ni ọ̀rẹ́ mi tó ń lọ sílùú Òyìnbó máa wá gba ìbọ̀wọ́ tí mo hun fún ọmọ tuntun tí Bọ́lá ọmọ mi bí síbẹ̀. Wúùlù funfun tí mo rà ní Dùgbẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Màmá mi ló fi ìrànwú wọn lọ́ ọ pọ̀ ní méjì-méjì, tí wọ́n sì pa á láró.

Mo tibi iṣẹ́ dé, mo bá ìbọ̀wọ́ méjèèjì lórí okùn, wọ́n le bíi panla.

"Màmá, kí lẹ ṣe sí i?"

"Sítáàṣì ni. Àdùkẹ́, ta ní ń pa nǹkan láró tí kì í fi sítáàṣì sí i kó tó sá a? Ṣé ọ̀bùn ni wá ni?"

Mo rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo ń fi ìka tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ títí tó fi rọ̀. Nígbà tí mo máa yọwọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi ti gba aró bíi ti Màmá.

"Màmá, aró yìí ṣì ń ṣí o. Á kun ọmọ lọ́wọ́."

Wọ́n wo ọwọ́ tiwọn.

"Jẹ́ kó kùn ún díẹ̀. Èmi ò kúkú lè dé ibẹ̀ lọ dì í lọ́wọ́ mú."

N ò fi omi ṣàn án mọ́.