Káàdì Kan fún Ìdí Igi Méjì

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn, tí mo sì ń bínú sí,

Kọ̀ǹpútà ńlá yín ṣì wà ní igun yàrá tí ẹ gbé e sí ní Àkúrẹ́ níbí. Ó ṣì ń kùn. Mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ fi ń kun fèrèsé nu eruku ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè sọ lójú ayé yín, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ara mi lè fúyẹ́: mò ń jowú Dàpọ̀.

Ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé àbúrò mi ni, ìyá ló yà wá. Síbẹ̀, bí orúkọ rẹ̀ bá hàn lójú fóònù mi, mo máa ń da ojú fóònù náà dé.

Èmi ni mo wà pẹ̀lú yín nínú ilé. Èmi ni mò ń se ọbẹ̀ tí dókítà ní kó má ní iyọ̀, tí ẹ máa ń torí ẹ̀ bá mi jà. Èmi ni mò ń tan jẹnẹrétọ̀ tí iná bá lọ. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà yẹn, Dàpọ̀ ní Oǹdó lẹ máa ń pè. Wákàtí méjì, wákàtí mẹ́ta! Ẹ ó máa ṣàlàyé fún un bí ẹ ṣe dá kọ̀ǹpútà méjì tí kò ní ara sínú ọ̀kan ńlá, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan tirẹ̀. Òun jókòó sí Oǹdó, ó ń gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì fi tirẹ̀ gé fídíò ìgbéyàwó. Èmi ń fi tèmi ya àwòrán ilé fún àwọn kọ́ńtírátọ̀. Káàdì gíráfíìsì kan ṣoṣo tí ẹ rà ló ń gbé àwòrán àwa méjèèjì. Gbogbo ìgbà tí ẹ ń kọ́ ọ, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, mo gbé abọ́ oúnjẹ yín dání. Kí ló dé tí ẹ kò ní kí n fa àga jókòó? Ṣé torí pé mo jẹ́ obìnrin ni? Àbí ẹ rò pé kò lè yé mi?

Nígbà tí ẹ lọ, ẹbí pè wá sí Oǹdó láti pín ohun tí ẹ fi sílẹ̀. Ìdí igi ni wọ́n fi pín in, ọ̀kan fún ìyá mi, ọ̀kan fún ìyá Dàpọ̀. Ilẹ̀ kò fa wàhálà. Oko kòkó náà kò fà á. Ìgbà tó kan káàdì yẹn ni ara mi gbóná. Dàpọ̀ ṣàlàyé pé ẹ ti pín in fún wa nínú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà. Irọ́ ni mo pè é. Tirẹ̀ ń sáré, tèmi ń wọ́, ó ti dá mi lójú pé ẹ fún un jù mí lọ. Mo sunkún, mo pariwo, títí olórí ẹbí, tí kò rí káàdì náà rí, fi pàṣẹ pé kí káàdì máa lo oṣù kan ní Oǹdó, oṣù kan ní Àkúrẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ o. Mo fi gèlè ògbólógbòó wé e, mo gbé e wọ mọ́tò lọ sí Oǹdó. Dàpọ̀ gbà á. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ló ní, kò sí ihò tí káàdì lè wọ̀ lára rẹ̀. Káàdì sùn sórí kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Iṣẹ́ rẹ̀ dúró, tèmi náà dúró. Mo ti mọ̀ pé tèmi máa dúró, bàbá. Mo fara mọ́ ọn, kí tirẹ̀ ṣáà ti dúró.

Nígbà tí oṣù pé, òun fúnra rẹ̀ ló gbé e wá sí Àkúrẹ́. Ó dè é padà, ó fa àga kan fún mi. Ó fi ibi tí ẹ ti pín in hàn mí: ọgbọọgba ni! Àwòrán mi ló wúwo, torí mo máa ń gbin igi yí gbogbo ilé ká, tí mo ń ya ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí. Ṣùgbọ́n owú náà kò lọ. Kí Dàpọ̀ tó tẹ nǹkan kan, ó máa ń fi èékánná gbá tábìlì lẹ́ẹ̀mejì, gẹ́gẹ́ bíi tiyín. Ìyẹn náà, òun lẹ fún.

Ó sì kọ́ mi. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pín káàdì, bí wọ́n ṣe ń dín in kù, bí wọ́n ṣe ń fi kún un. Kò le rárá. A bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tá a mu ògì tán, nígbà tí ọ̀sán fi máa pọ́n, mo ti ń dá a ṣe.

Àárọ̀ ọjọ́ kan péré, bàbá. Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀yin àtèmi àti kọ̀ǹpútà yẹn fi jọ gbé inú ilé kan náà. Ṣé ẹ kò rí àárọ̀ kan yọ fún mi ni?

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń jowú.